Ẹnu Ọ̀nà Ilé Wa Ni Wọ́n Ti Sọnù

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ní èdè méjèèjì, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni a gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni pẹ̀lú. Àwa tí a ń kọ ọ́ jẹ́ olùkọ́ fisíìkì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní agbègbè Kétu. Ní ọdún tó kọjá, a pàdánù ìṣẹ́jú àáyá márùndínláàádọ́ta (45) nínú ohùn ìyá àgbà kan, a sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọmọ tí kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Bí a ṣe wá ohun tó sọnù náà kiri, àti ibi tí a ti bá a, ni a fẹ́ ròyìn fún yín.

Ìyá àgbà náà ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Nínú agbo ilé rẹ̀, òun nìkan ni ó ṣẹ́ kù tí ó lè jókòó ki oríkì orílẹ̀ àwọn ìdílé tó yí i ká, láti ìrọ̀lẹ́ di òru, láì dúró ronú. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ a máa gberin, ọkùnrin kan a sì máa fi ìlù kékeré tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ wa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé, pé kí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Fóònù kan ì bá tó fún un bí ó bá jẹ́ pé ohùn kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlù bá wọlé tí agberin sì gbé ohùn sókè, fóònù a da gbogbo rẹ̀ pọ̀, a kò sì ní mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá sì gbọ́ èdè wa mọ̀ pé bí ohùn bá yí padà, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ lo gbohùngbohùn mẹ́rin: ọ̀kan níwájú ìyá, méjì fún agberin, ọ̀kan fún ìlù.

Ẹlẹgbẹ́ wa kan tí a jọ gba licence ní yunifásítì, tí ó ti di onímọ̀ ẹ̀rọ, yá wa ní pátákó ẹ̀rọ kan fún iṣẹ́ yìí. Pátákó náà kì í ṣe kọ̀ǹpútà. FPGA ni àwọn onímọ̀ ń pe ọkàn rẹ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀yà kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, tí a lè so pọ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe fẹ́, tí gbogbo wọn a sì máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ tí a so ó fún ni pé kí ó wọn ìgbì ohùn láti inú gbohùngbohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìgbà 48,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kí ó yọ ìkùn iná mànàmáná kúrò nínú rẹ̀, kí ó sì fi èsì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà láti inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kì í dà á sínú wáyà bí ẹni ń da omi. Ó ń dì í ní ìdì ìdì ni, èyí tí ìwé Faransé ń pè ní paquet. Ìdì kọ̀ọ̀kan gbé òǹkà 120 fún gbohùngbohùn kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ báìtì 960. Ìdì 400 ni ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí wákàtí kan tó pé, ìdì 1,440,000 ti kọjá.

Ìlànà tí àwọn ìdì wọ̀nyí fi ń rìn ni UDP, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Nínú ìlànà kejì tí a mọ̀ sí TCP, ẹni tó gba ìdì gbọ́dọ̀ dáhùn pé ó ti dé. Bí ìdáhùn kò bá wá, ẹni tó fi ránṣẹ́ a tún un fi ránṣẹ́. UDP kì í dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó sọ tirẹ̀, ó sì kọjá lọ. Àìmọ̀kan kọ́ ló mú kí àwọn onímọ̀ yàn án fún irú pátákó bẹ́ẹ̀. Bí pátákó bá fẹ́ tún ìdì fi ránṣẹ́, àfi kí ó tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, àyè ìpamọ́ inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn tuntun tí ń wọlé kò ní dúró de èyí tó ti kọjá. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìdì UDP rí. Bí ẹnì kan kò bá tẹ́wọ́ gbà á nígbà tó dé, kò sí ẹni tí yóò tún un sọ.

Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni a lọ sí agbo ilé náà. A fún olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọbìnrin kan láti kíláàsì première ni a fi ṣọ́ wáyà tó ti ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà wá sí ìdí tábìlì wa, nítorí àwọn ọmọdé ń sáré kiri inú àgbàlá. Wákàtí kan gbáko ni ìyá fi ki oríkì. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ kò rọ̀ nígbà tó parí.

Ní ọjọ́ Ajé, a jókòó láti gbọ́ ohun tí a gbà. Kò pẹ́ tí ìlù fi fẹsẹ̀ kọ. Ó tún fẹsẹ̀ kọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó burú jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oríkì fúnra rẹ̀. Ìyá ń pe ọmọ ìdílé kan, kí ó tó dárúkọ baba ńlá wọn, ohùn já, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e sì lẹ̀ mọ́ ọn, orúkọ baba ńlá ìdílé mìíràn ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀tàn yóò rò pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá ṣe sọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè dá sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ oyè bá délẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi tọ́jú ìtàn ti fẹ́ ba ìtàn jẹ́.

Inú bí wa, ìbínú sì ni kò jẹ́ kí a ronú. A rántí pé a rí ọmọ tó ń ṣọ́ wáyà bí ó ti dìde lẹ́ẹ̀mejì. A pè é níwájú gbogbo ẹgbẹ́, a ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló tẹ wáyà, a ní àìbìkítà rẹ̀ ló fọ́ iṣẹ́ gbogbo wa. Ó ní, "Olùkọ́, mi ò tẹ̀ ẹ́." A ní kí ó jókòó. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́.

A padà lọ bá ìyá àgbà láti bi í bóyá ó dákẹ́ níbì kan, bóyá ó ń sinmi láàrin ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Ó wò wá títí. Ó ní, "Olùkọ́, èmi sọ ọ́. Bí etí yín kò bá gbà á, etí yín ni kí ẹ bi." Ọ̀rọ̀ náà dùn wá nígbà náà. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà.

A bẹ̀rẹ̀ sí wá bí àwọn tí iṣẹ́ wọn ju tiwa lọ ṣe ń ṣe é. Irú pátákó yìí ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run. Ní yunifásítì California ní Berkeley ni ẹgbẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CASPER ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Gúúsù Áfríkà ni wọ́n jọ ṣe pátákó ROACH. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Gúúsù Áfríkà ṣe SKARAB fún MeerKAT, awò ìgbì rédíò tó wà ní aṣálẹ̀ Karoo, tí wọ́n ṣí ní oṣù keje ọdún 2018. Àwo 64 ló wà níbẹ̀, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 13.5. Ìgbì tí wọ́n ń gbà ti rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó dé ayé, UDP náà ni wọ́n sì fi ń kó o rìn láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bí nǹkan bá sọnù? Wọ́n ń fi nọ́ńbà sára ìdì. Nínú ìlànà SPEAD tí wọ́n ń lò, kò sí ìdì tó lè wọlé láì sọ ibi tó jókòó sí láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ojú tì wá nígbà tí a ka èyí, nítorí pátákó tiwa náà ń kọ nọ́ńbà sára ìdì. Àwa tí a kọ ètò tó ń gbà wọ́n nínú kọ̀ǹpútà ni kò wò ó rárá. Ètò wa kàn ń lẹ ìdì tó bá dé mọ́ èyí tó dé ṣáájú, bí ẹni tó ń rán aṣọ tó ya láì wo àwòrán ara rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọmọ ìdílé kan fi di ọmọ ìdílé mìíràn. Aago ọwọ́ wa sọ pé wákàtí kan ni ìyá fi ki oríkì. Ohun tí a gbà sílẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 15. Ìyàtọ̀ náà wà níwájú wa láti ọjọ́ kìíní. Nígbà tí a wá ka nọ́ńbà ara ìdì, 18,000 ni kò sí níbẹ̀. Ẹ fi 400 pín in: 45 ni yóò fún yín.

Ẹ̀rí kejì wà nínú bí wọ́n ṣe sọnù. Wọn kò sọnù ní ẹyọ ẹyọ. Àlàfo 60 ni a kà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbé nǹkan bí 300 ìdì lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wáyà tí kò dára a máa ba ìdì jẹ́ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú kọ̀ǹpútà a sì ka àwọn tó bàjẹ́ náà. A wo òǹkà àṣìṣe káàdì: òdo ni. Síbẹ̀, a pààrọ̀ wáyà. A yọ àpótí switch kúrò, a so pátákó mọ́ kọ̀ǹpútà tààrà. A yọ àwọn gbohùngbohùn, a sì ní kí pátákó máa fi òǹkà tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ránṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ ohùn ènìyàn má baà wọ inú rẹ̀ mọ́. Àlàfo ṣì ń wá bí ti tẹ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ètò wa nìkan ni a ti ń gbọ́ tẹnu rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, òun ló sì ń sọ pé ìdì kò dé. A pinnu láti pe ẹlẹ́rìí mẹ́ta, kí a bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan náà: ìdì mélòó ló gba ọwọ́ rẹ kọjá? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fi dán an wò. Pátákó ní òun fi 240,000 ránṣẹ́. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lẹ́yìn tí a yọ àwọn ìdì tí kì í ṣe ti pátákó kúrò, ní òun gba 240,000. Ètò tiwa ní 237,120 ni òun rí. A lo tcpdump, irinṣẹ́ tó ń wo ìdì bí wọ́n ṣe ń wọlé: kò sí nọ́ńbà kan tó fò. Gbogbo ìdì ló rin ọ̀nà wọn dópin. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Láàrin ilẹ̀kùn àti yàrá ni wọ́n ti sọnù, nínú kọ̀ǹpútà tí àwa fúnra wa tò, lábẹ́ ètò tí àwa fúnra wa kọ.

Kí a tó tẹ̀síwájú nínú ìwádìí, ohun kan wà tó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, a ránṣẹ́ pe ọmọ náà. A kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára pátákó ìkọ̀wé níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a ṣàlàyé wọn, a sì sọ pé wáyà kò ṣe nǹkan kan, pé àwa la jẹ̀bi, pé a tọrọ àforíjì. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Olùkọ́." Nígbà tí ìpàdé tú ká, ó dúró sẹ́yìn. Ó ní, "Mo mọ̀ pé mi ò tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n mi ò ní ohun tí mo lè fi hàn yín." A kò mọ èsì tí a lè fún un. Nọ́ńbà tí ì bá gbè é lẹ́yìn wà nínú ẹ̀rọ láti alẹ́ ọjọ́ náà. Ọwọ́ wa ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, a kò sì ṣí i.

Òun náà ló wá rí ìyókù. Kọ̀ǹpútà tí a ń lò, Linux ló ń darí rẹ̀. Linux ní ibi kan tó ń kó ìdì sí kí ètò tó wá gbé wọn, a lè pè é ní ìloro ilé. Bí ìloro bá kún, ìdì tó bá dé lẹ́yìn náà di àdànù, kò sì sí igbe tí ẹnikẹ́ni yóò ké. A pàṣẹ netstat -su, a sì rí i pé òǹkà ìdì tí Linux dànù nítorí pé ìloro kún ń gun òkè, iye rẹ̀ sì bá iye tó ń sọnù mu. Kí ló ń mú kí ìloro kún? Ọmọ náà jókòó ti díìsìkì òde tí a ń kọ ohùn sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì ń ké ní gbogbo ìgbà tí àlàfo bá wáyé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ní, "Olùkọ́, iná díìsìkì yìí kì í ṣẹ́jú mọ́ bí ó bá kù díẹ̀ kí ó ké." Ó tọ̀nà. Ètò wa jẹ́ ìránṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń gba ìdì lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń gbé wọn lọ sí díìsìkì. Díìsìkì òde náà lọ́ra; lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan a máa dá ètò dúró fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìloro náà, bí Linux ṣe sábà máa ń tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ju báìtì 212,992 lọ. Ẹ fi 960 pín in, kò pé ìdì 222. Linux sì tún ń ka àpò tó fi di ìdì mọ́ ìwọ̀n rẹ̀, nítorí náà kò tilẹ̀ gbà tó bẹ́ẹ̀. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kò ní pé tí yóò fi kún àkúnya.

Oògùn rẹ̀ jẹ́ méjì. Èkíní, a pín iṣẹ́ náà fún ìránṣẹ́ méjì: ọ̀kan kò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà rárá, a gba ìdì sínú iyè kọ̀ǹpútà, èkejì a máa kó o lọ sí díìsìkì ní ìwọ̀n bí díìsìkì bá ṣe lè gbà á. Èkejì, a fẹ ìloro dé báìtì mílíọ̀nù mẹ́jọ. Níbí ni ẹ̀tàn kan tún wà, kí ẹ̀yin tí ẹ óò ṣe irú iṣẹ́ yìí kíyè sí i. Nígbà tí ètò wa béèrè fún ìloro ńlá, Linux kò kọ̀ fún un, kò sì fún un. Ó fún un ní ìwọ̀n tí òfin rẹ̀ gbà láàyè, ó sì dákẹ́. Àfi ìgbà tí a yí òfin náà, net.core.rmem_max, padà, tí a sì béèrè iye tí a rí gbà, ni ó tó di òótọ́. Lẹ́yìn náà a jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta. Ìdì 4,320,000 ló jáde, 4,320,000 ni ètò gbà.

A padà lọ sí agbo ilé ìyá àgbà. Ó tún jókòó, ó tún ki oríkì, kò sì sí àlàfo kankan. Ṣùgbọ́n oríkì kì í ṣe ìwé. Kò kì í bí ó ti kì í ní alẹ́ àkọ́kọ́: ó fi àwọn ẹsẹ̀ kan kún un, ó sì fo àwọn mìíràn. Alẹ́ àkọ́kọ́ ṣì ní ohun tirẹ̀ tí èkejì kò ní. Nítorí náà, a tún ti àkọ́kọ́ tò gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ìdì ṣe sọ, a sì fi ìdákẹ́jẹ́ tó gùn bí ó ti yẹ sí ibi gbogbo tí ohùn ti sọnù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe so ọmọ onílé mọ́ baba ẹlòmíràn mọ́. Ọmọbìnrin wa gbé e lọ bá ìyá, ó sì jẹ́ kí ó gbọ́ àlàfo kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e. Ìyá dí 41 nínú 60. Fún 19 tó kù, ó mi orí. Ó ní òun kò rántí ohun tí òun sọ níbẹ̀. Àwọn 19 náà ṣì wà bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, wọn kò sì ní padà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí nǹkan bá sọnù láàrin ẹ̀rọ méjì, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kéré jù nínú ilé. Ẹ ka ohun tó jáde, ẹ ka ohun tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ka ohun tó wọ yàrá, kí ẹ tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ tí ẹ ní ìyá tàbí bàbá tó mọ oríkì nílé, ẹ jẹ́ kí a wá gba ohùn wọn sílẹ̀. Ìloro wa ti gbòòrò sí i báyìí, ọmọ tó sì ń ṣọ́ òǹkà níbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù wá lọ.